Orí Ọfà fún Ẹfọ̀n: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ló fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn?" Bí àwọn tó ń lo ọrun oníkẹ̀kẹ́ (ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lórí) bá yà sí ìsọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́ níbí láti pọ́n orí ọfà, tàbí tí wọ́n fi àwòrán èyí tí wọ́n fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì hàn mí, ìbéèrè tó sábà máa ń ṣíwájú nìyẹn. Wọn kò pọ̀, àwọn tó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ ṣọdẹ ẹfọ̀n ní Gúúsù Áfíríkà tàbí Zimbabwe, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná kì í ṣe kékeré. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ti san owó ọkọ̀, owó ìwé àṣẹ àti owó ọdẹ amọ̀nà á tún wá máa ṣọ́wó ná lórí irin kékeré tí yóò kan ara ẹran. Ìbéèrè fífẹ̀ yẹn gan-an sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́.

Ọfà kì í pa ẹran bí ìbọn. Gígé ló fi ń pa á: ó ní láti gé ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ dà, kí èémí tán. Akọ ẹfọ̀n ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà lè wọn 700 kílò, àwọn mìíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí orí ọfà tó dé ibi ẹ̀mí rẹ̀, yóò kọ́kọ́ la irun tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́, yóò la awọ tó nípọn, yóò la ẹran, lẹ́yìn náà ló máa wá kan egungun ìhà. Egungun ìhà ẹfọ̀n fẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó nǹkan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọfà òun yóò rí ojú ọ̀nà gbà kọjá láìkan egungun. Orí tó fẹ̀ tó ínǹṣì méjì máa ń gba agbára púpọ̀ kí ó tó la gbogbo ìyẹn já, agbára yẹn sì lè tán lójú ọ̀nà. Fún ẹtu tàbí ìgalà, orí tó fẹ̀ kò burú. Fún ẹfọ̀n, èyí tó fẹ̀ ní ínǹṣì kan tàbí kí ó fi díẹ̀ lé, tó wọlé dé ìhà kejì, dára ju èyí tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tó dúró sínú ẹran èjìká.

Orí tó ń ṣí ló burú jù nínú àwọn tó fẹ̀. Ẹ mọ irú rẹ̀: abẹ rẹ̀ ká mọ́ra nígbà tó ń fò, ó wá ya nígbà tó bá kan awọ. Ó dùn ún wò nínú fídíò. Ṣùgbọ́n apá kan lára agbára ọfà ni yóò fi ṣí kí ó tó gé ohunkóhun, irin tín-ín-rín kan ṣoṣo ló sì so abẹ náà mọ́ ara rẹ̀. Bí ọfà bá kan ara ẹran ní ìdagẹ̀rẹ̀, abẹ kan lè ṣí ṣáájú ìkejì, kí ó sì yí ọfà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ amọ̀nà tó ń mú àlejò lọ sídìí ẹfọ̀n kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni rárá. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi pa ẹran kékeré.

Ed Ashby, ará Amẹ́ríkà tó ṣàyẹ̀wò orí ọfà lára ẹran ìgbẹ́ ní Natal, Gúúsù Áfíríkà, ní àwọn ọdún 1980, tó sì tún ṣe é lára ẹfọ̀n odò ní Ọsirélíà lẹ́yìn náà, to àwọn ohun tó ń jẹ́ kí ọfà wọlé jinlẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ohun tó fi ṣáájú ni pé kí ọfà má fọ́, kí ó má tẹ̀. Èkejì ni pé kí ó fò tààrà. Orí tí òun fúnra rẹ̀ fara mọ́ ni alábẹ méjì tí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń já mi níyàn níbí. Wọ́n á ní, "Bàbá bàbá mi fi ọfà alágbẹ̀dẹ lásán pa erin." Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ oró ló pa erin náà. Iṣẹ́ ọfà àwọn àgbà ni kí ó gún awọ, kí ó gbé oró wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yọ ìkọ́ sí i lára kí ó má baà já bọ́. Ọdẹ máa wá tọpa ẹran náà títí yóò fi ṣubú. Ẹni tó ń lọ Gúúsù Áfíríkà lónìí kò ní oró nínú apó, orí oníkọ̀ọ́ sì jẹ́ èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, ẹ má fi ọfà àwọn bàbá wa wé èyí tí ẹ fẹ́ rà. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá.

Orí kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Alábẹ mẹ́ta ni, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó sì wọ́n. Méjì nínú abẹ rẹ̀ ṣì mú débi pé wọ́n lè fá irun. Ìkẹta ti yọ kúrò nínú àlàfo rẹ̀, ọrùn orí náà sì ti wọ́ bí ìṣó tí wọ́n fi òòlù gbá lódì. Egungun èjìká màlúù lásán ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ohun tí àwọn oníbàárà mi kì í wò nìyẹn: wọ́n á yẹ abẹ wò, wọ́n á gbàgbé ibi tí abẹ ti so mọ́ ara, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, àti ìdè kékeré tó wà ní ẹnu ọ̀pá ọfà tí a ń yí orí wọ̀. Ìdè alumíníọ̀mù tó bá ọ̀pọ̀ ọ̀pá wá láti ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ bí orí bá kan egungun, bí orí náà ìbáà jẹ́ èyí tó dára jù láyé. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ti idẹ tàbí ti irin rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi òrùka irin dè ẹnu ọ̀pá lóde kí ọ̀pá oníkábọ́ọ̀nù má baà là.

Ẹ kò nílò ẹfọ̀n láti mọ èyí tó lágbára. Ẹ lọ bá alápatà ní ìdájí, kí ẹ ra pẹpẹ èjìká màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àti egungun ìhà tí awọ ṣì wà lára rẹ̀. Tútù ni kí ó jẹ́; egungun gbígbẹ máa ń fọ́ lọ́nà mìíràn. Ẹ gbé e síwájú ohun tó lè gba ọfà dúró, ẹ bọ́ sẹ́yìn tó mítà 20, kí ẹ ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ má wo ihò tó dá sára egungun nìkan. Ẹ wo imú orí ọfà bóyá ó ti ká. Ẹ fi rúlà irin tó tọ́ lé ẹ̀gbẹ́ abẹ rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ orí kúrò, kí ẹ yí ìdè rẹ̀ lórí gíláàsì láti wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Ẹ rọra tẹ ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún kẹ́kẹ́. Èyí tó bá dún, ẹ dá a sí méjì kí ẹ sọ ọ́ nù, torí ó lè fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà míì tí ẹ bá fa ọsán. Egungun màlúù kì í ṣe ti ẹfọ̀n o. Orí tó bá kùnà níbí ti kùnà pátápátá, èyí tó bá yege ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé wọlé ni.

Ti irin. Èyí tó rọ̀ jù máa ń tẹ̀, èyí tó le jù máa ń kán, kíkán sì burú ju títẹ̀ lọ nítorí ojú tó ń gé ti bá a lọ. Orí tó lágbára sábà máa ń wà láàárín 52 sí 56 lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Rockwell C. Ilé iṣẹ́ tí kò bá kọ irú irin tó lò àti bó ṣe le tó sára páálí, ẹ bi í léèrè. Bí kò bá dáhùn, ẹ wábòmíràn lọ.

Ǹjẹ́ alágbẹ̀dẹ wa lè rọ ọ́? Ó lè ṣe é. Sípíríǹgì mọ́tò jẹ́ irin gidi, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ sì lè rọ orí tí kò ní tẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé kí mẹ́fà wọ̀n bákan náà, kí imú wọn sì wà ní àárín gbùngbùn. Mo ti gbé irú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n rí tí ìkan fi gíráàmù mẹ́ta ju ìkejì lọ, nígbà tó sì jẹ́ pé ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Gíráàmù mẹ́ta ju 40 grain (òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọfà) lọ, ìyẹn sì tó láti mú ọfà ṣìnà. Èyí tó tún burú ni kí wọ́n fi gíráíńdà pọ́n ọn títí ojú rẹ̀ yóò fi di aláwọ̀ aró. Bí ẹ bá ti rí àwọ̀ yẹn létí abẹ, líle irin ti lọ níbẹ̀, kò sí pípọ́n tó lè dá a padà.

"Tuntun ni, ó mú láti inú páálí." Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ na rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó sórí nǹkan, kí ẹ fi ojú abẹ kàn án láìfà á síwá-sẹ́yìn. Bó bá mú, rọ́bà yóò já bó ṣe fara kàn án. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó já, ara ẹran náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i: iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń yẹ̀ fún ojú tó kú, kì í gé. Kí ẹ má sì fi àtàǹpàkò dán an wò. Ẹ fi fáìlì tún ìrísí rẹ̀ ṣe, ẹ bọ́ sórí òkúta, ẹ wá parí rẹ̀ lórí awọ. Nígbà tí ẹ bá ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ máa fi ìka yẹ ẹ̀gbẹ́ kejì wò. Okùn irin kékeré kan yóò yọ níbẹ̀ láti ìdí dé imú. Ibi tí kò bá yọ dé, ẹ kò tíì pọ́n ibẹ̀. Òun náà ni ẹ máa fi awọ yọ kúrò níkẹyìn. Àwọn tó bá fẹ́ kí ojú tín-ín-rín bí ti abẹ ìfárí ń ṣe ara wọn ni: ojú bẹ́ẹ̀ máa ń ká lórí egungun. Fún orí tí wọ́n pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, bíi dígírì 25 dára.

Àwa tí a wà létí ọ̀sà tún ní tiwa. Irin tó dára fún iṣẹ́ yìí sábà máa ń dípẹtà, etí tó mú ni ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín tó rí i. Ẹ fi fasilíìnì ra á díẹ̀, kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú awọ tó lọ́rinrin. Orí tí ẹ bá ń tì bọ inú fóòmù apó lójoojúmọ́ náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya ti ìdánwò sọ́tọ̀, kí ẹ fi àmì sí i.

Ti ìwọ̀n ọfà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn eré, wọ́n á ra ọ̀pá fúyẹ́fúyẹ́ kí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọfà lè ga. Nínú àyẹ̀wò Ashby, 650 grain, tó jẹ́ bíi gíráàmù 42, ni ibi tí ọfà tó pé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í la egungun ńlá déédéé. Fún ẹfọ̀n, 700 sókè ni kí ẹ fojú sùn, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ wà níwájú. Ẹ gbé ọfà lé ìka kí ẹ wá ibi tó ti dọ́gba. Bí ọ̀pá bá gùn ní ínǹṣì 30, tí ó sì dọ́gba ní ínǹṣì 21 láti ìdí, ó fi 6 kọjá àárín. 6 nínú 30 jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára.

Orí tí ẹ kò tíì ta rí, ẹ má gbé e lọ bá ẹfọ̀n. Orí ìdánwò olóṣónṣó lè lọ tààrà, kí orí alábẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí afẹ́fẹ́ ń gbá abẹ mú. Ẹ yí ọfà lórí ìka kí ẹ wo imú rẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n, ẹ má ta á. Orí tí wọ́n pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbọ́dọ̀ yí síbi tí ìyẹ́ ọfà ń yí sí. Bí ọ̀kan bá ń yí sọ́tùn-ún tí ìkejì ń yí sósì, ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà nínú ẹran.

Ẹnìkan béèrè èyí tó máa gbé lọ Kenya. Kenya ti fòfin de ọdẹ ṣíṣe láti 1977. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ọrun, ẹ gba ti ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀ ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ amọ̀nà kí ẹ tó rà ohunkóhun. Nílé níbí ńkọ́? Igbó Ọmọ kò jìnnà sí wa, erin ṣì wà níbẹ̀, òfin Nàìjíríà ti 1985 lórí ẹranko tó ń parun sì dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó bá sọ fún mi pé torí ìyẹn ni òun fi fẹ́ orí ọfà, ẹnu ọ̀nà ni mo máa fi hàn án.

Nígbà tí ẹ bá ń dẹrù, ẹ yọ orí kúrò lára ọ̀pá, kí ẹ tì í sínú àpótí líle tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Bó bá wà nínú báàgì ọwọ́, wọ́n á gbà á. Ẹ kó òkúta àti awọ ìpọ́nbẹ pẹ̀lú, kí ẹ tún fi rọ́bà dán orí kọ̀ọ̀kan wò lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, torí ìjàngbọ̀n ojú ọ̀nà lè ti pa ojú tí ẹ pọ́n nílé.