Kì í ṣe físà o: bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ sítúdẹ́ǹtì yín láti jẹ́ ọmọ ìlú ayé, láti Gwagwalada níbí

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún kíláàsì mi pé ohun tá a máa bá yí ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn ni bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú ayé (global citizen), ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn pátápátá, ó ní "Sà, ṣé ẹ máa bá wa ṣe físà ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa mo rí i pé ọmọ yẹn ò ṣàwàdà rárá. Lójú tiwọn, éápọọ̀tù Nnamdi Azikiwe ni ayé ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ò bá tíì japa, kò tíì dé inú ẹ̀. (Mi ò tiẹ̀ lè pè é ní "ọmọ aráyé" fún wọn, torí ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ aráyé, àdúrà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà.)

Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì lápá ibí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun. Ohun tó ti wà lára wọn, tó wà ládùúgbò wọn, ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí tó fi máa kọjá bọ́dà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ibì kan nítòsí tí wọ́n á ti fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan sí i, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní máàkì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣàlàyé kankan. Ẹ ní kí kálukú bá ẹni tó jókòó tì í wo lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ọrùn aṣọ ẹ̀, kí wọ́n máa pe orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá rí, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù. Bangladesh, Ṣáínà, Tọ́kì, Íńdíà, bọ́ọ̀dù á kún, torí òkìríkà ọjà Gwagwalada lọ̀pọ̀ wọn wọ̀, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tí tiẹ̀ jẹ́ Kaduna? Ìgbà yẹn lẹ máa rí i pé ẹnì kan máa rántí pé bàbá bàbá òun ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kaduna. Kaduna Textiles tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ó ti kógbá sílé tipẹ́, kì í sì í ṣe òun nìkan. Kíláàsì yẹn ò ní fẹ́ tú mọ́.

Odò ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Odò Usuma tí wọ́n fi dáàmù sé ní Bwari láti máa fún Àbújá lómi, òun náà ló ṣàn wá sí Gwagwalada, ó lọ bọ́ sínú Gurara, Gurara bọ́ sínú Odò Ọya (River Niger), Ọya pàdé Benue ní Lọ́kọ́ja, ó di òkun. Ìyẹn ni pé náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tí sítúdẹ́ǹtì bá jù sí gọ́tà iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ti mú ọ̀nà Àtìláńtíìkì pọ̀n nìyẹn. Ọya fúnra ẹ̀, Guinea lorísun ẹ̀, ó gba Mali, ó gba Niger kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Benue ní tiẹ̀, láti Kamẹrúùnù ló ti ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ya gbogbo èyí sójú bọ́ọ̀dù, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ kankan nípa "global" tí wọ́n ti rí i.

Asáìnmẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e: ẹ pín wọn sí márùn-ún. Àwọn kan á jẹ́ Kamẹrúùnù tó ni dáàmù Lagdo lórí odò Benue, àwọn kan àgbẹ̀ Adamawa, àwọn kan ìyá ẹlẹ́ja ní Lọ́kọ́ja, àwọn kan ìjọba àpapọ̀ wa, àwọn tó kù á jẹ́ Niger Basin Authority, àjọ tí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án jọ wà nínú ẹ̀. Ẹ fún wọn lọ́sẹ̀ méjì láti wádìí, kí wọ́n wá jọ jókòó lórí omíyalé ọdún 2022, èyí tó pa èèyàn tó lé ní 600. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé Kamẹrúùnù ló ṣí dáàmù lé wa lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bèèrè dáàmù Dasin Hausa tó yẹ kí àwa náà ti kọ́ sí Adamawa láti máa gba omi yẹn sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé láti 1982 ni Lagdo ti wà. Kẹ́ ẹ sì fi kún un pé mínísítà ètò omi ìgbà náà fúnra ẹ̀ sọ pé òjò tó rọ̀ lórí ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi ọ̀hún.

Ariwo á sọ o! Lọ́dún tá a ṣe é, ọmọbìnrin kan tó wá láti Ìdàh ní ìpínlẹ̀ Kogi, tómi wọ ilé wọn ní 2022, tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì tẹ́lẹ̀, ló dìde, ó ní kò kan òun ẹni tó ṣílẹ̀kùn dáàmù, ẹni tó mọ̀ pé omi ń bọ̀ tí kò pariwo fún ìyá òun lòun ń wá. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Láti ọjọ́ yẹn mi ò ka ìtumọ̀ kankan láti inú ìwé fún kíláàsì mọ́.

Àpẹẹrẹ kejì gba ìṣọ́ra díẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ wa níbí. Ní 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ (polio) dúró, ti Kano fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Kòkòrò tó wá láti Àríwá Nàìjíríà rìn gba Sudan, ó dé Yemen, nígbà tó máa fi di 2005 ó ti wà ní Indonesia, níbi tí wọn ò ti gbúròó ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó sì sọ ọmọ tó lé ní 300 di arọ. Báyìí ni ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Kano ṣe dé Indonesia, láìgba físà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí kíláàsì sọ ọ́ di "àwọn Hausa ni". Ẹ sọ fún wọn pé ní 1996, ilé iṣẹ́ oògùn kan láti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé ní Kano nígbà àìsàn yírunyírun, ọ̀rọ̀ náà sì délé ẹjọ́, ọkàn àwọn òbí ò sì balẹ̀ mọ́. Ìfura náà wá láti òkèèrè, ó sì padà sí òkèèrè. Oṣù August 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ polio àdáyébá. Tí ọjọ́ àjẹsára bá dé, àwọn sítúdẹ́ǹtì tó gbọ́ Hausa tàbí Gbagyi lè tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ láti ilé dé ilé, ibẹ̀ ni kíláàsì àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti máa pàdé.

Ẹ ò nílò kọ́ọ̀sì tuntun, ẹ má lọ máa kọ lẹ́tà sí Sẹ́nétì yunifásítì. GST 112 tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà àti àṣà wọn, GST 312 tó jẹ́ ti àlàáfíà, méjèèjì gbà á. Àti pé nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde, ìdá 30 nínú 100 wà fún yunifásítì láti fi tiwọn kún un.

Ọ̀rọ̀ máàkì ló le. Ẹ má fún wákàtí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní máàkì láéláé! Ẹ̀yin náà mọ SIWES logbook, ìwé tí sítúdẹ́ǹtì ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí nígbà tó bá lọ kọ́ṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ oṣù mẹ́fà ní òru ọjọ́ kan pẹ̀lú bírò kan náà. Nínú máàkì 30 ti CA, èyí tí wọ́n ń gbà kí ìdánwò ìparí tó dé, mo máa ń fi 10 sórí ìbéèrè tí wọ́n kọ kí wọ́n tó lọ, 10 sórí ohun tí wọ́n rí (mo máa ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí WhatsApp, ní fóìsì nóòtì, kò ṣeé gbé kalẹ̀ lóru ọjọ́ kan), 10 tó kù sórí ìwé tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn nípa ibi tí èrò wọn ti yí padà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun ò yí èrò padà, tó sì sọ ìdí, mo máa ń fún un dáadáa. Ẹni tó bá kọ "it was an eye-opening experience", ẹ dá a padà fún un.

Ó kan iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fúnra ẹ̀, ibi témi fúnra mi ti ṣìnà. Lọ́dún àkọ́kọ́ a kó Indomie páálí mẹ́wàá, a tẹ bánà, a háyà bọ́ọ̀sì lọ sí kámpù kan táwọn tí Boko Haram lé kúrò ní Borno ń gbé. A ya fọ́tò títí. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ìyá kan pe ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó gbọ́ Hausa, ó ní kó bá òun sọ fún ọ̀gá wọn pé ìkẹta lèyí lọ́sẹ̀ yẹn, pé Indomie ò wọ́n àwọn, omi tí wọ́n fẹ́ fi sè é ni ò sí. Ojú tì mí débi pé mo ká bánà yẹn fúnra mi.

Báyìí, èmi àti sítúdẹ́ǹtì méjì péré la kọ́kọ́ máa ń lọ, láìmú nǹkan kan dání, ìkíni nìkan. Tó bá jẹ́ abúlé, Mai Anguwa, olórí àdúgbò, lẹ máa kọ́kọ́ rí, tó bá jẹ́ kámpù, olórí wọn àti olórí àwọn obìnrin, ẹ má fo àwọn obìnrin o. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí ọwọ́ ò tó, ẹ má béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, torí tẹ́ ẹ bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á dárúkọ ohun tí wọ́n rò pé ẹ lè fún wọn. Ẹ sì sọ iye ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ ni tiwa, gbogbo Sátidé. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe gbẹ̀yìn ò ju ká máa jókòó ti àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé níbẹ̀, ká bá wọn wo iṣẹ́ àmúrelé. Kò sí bánà tó gbà á.

Ibẹ̀ ni nǹkan kan tí mi ò retí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó gbóyìnbó dáadáa, tó dàgbà sí Gwarinpa ní Àbújá, tí Hausa wọn ò ju "nawa ne" (eélòó ni) lọ, wọ́n dúró bí igi. Ọmọ kan tó jẹ́ Kanuri, tó ń gbé C lọ sílé ní gbogbo kọ́ọ̀sì, òun ló di ọ̀gá gbogbo wọn, òun ló ń túmọ̀, òun ló ń sọ fún wọn pé ẹ má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ń pín wọn sí gúrúùpù, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe olórí, ẹ má wo CGPA.

Àwọn nǹkan kéékèèké: ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ HOD, olórí ẹ̀ka yín, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí mọ̀, ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbé wọn dé ni kẹ́ ẹ mú kí owó ọkọ̀ má baà pa ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, nítorí náà aago mẹ́rin kí gbogbo wọn ti padà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya ojú ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tí ò bá lè jáde, yálà ó ń tajà lópin ọ̀sẹ̀ ni àbí ara ẹ̀ ò le, kò gbọ́dọ̀ pàdánù máàkì. Ó lè máa ya ọ̀nà àti ilé sórí máàpù OpenStreetMap, àwọn tó ń ṣèrànwọ́ nígbà ìjàǹbá ń lò ó gan-an, tàbí kó máa kọ ọ̀rọ̀ sí Wikipedia lédè Yorùbá tàbí Hausa. Fóònù àti dátà díẹ̀ ti tó fún ti Wikipedia, àmọ́ ti máàpù rọrùn jù lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀kan ló kù témi náà ṣì ń lé, kíláàsì ní orílẹ̀-èdè mìíràn tá a máa jọ kẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo èèyàn ń wá London. Èmi ò wá London, Garoua ní Kamẹrúùnù ni mò ń wá, ìlú tó sún mọ́ Lagdo. Aago kan náà la jọ ń lò, wọ́n ń sọ Faransé lóòótọ́, àmọ́ Fulfulde àti Hausa á ṣiṣẹ́. A ti gba nọ́ńbà olùkọ́ kan níbẹ̀. Ọmọbìnrin Ìdàh yẹn ló gba fóìsì nóòtì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọmọ Kanuri yẹn túmọ̀ ẹ̀ sí Hausa, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: tí wọ́n bá fẹ́ ṣí dáàmù, ta ló ń sọ fún ẹ̀yin náà?