Ọkọ̀ mi kọ̀ láti ṣíná: orí bátìrì ni wàhálà wà

Mo yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, "kẹ́-kẹ́-kẹ́" nìkan ni mo gbọ́. Iná iwájú ọkọ̀ ń tàn bàìbàì. Ó kù díẹ̀ kí n lọ ra bátìrì tuntun, àfi ìgbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo rí nǹkan funfun bí iyọ̀, tó ní àwọ̀ aró díẹ̀, tó ti bo ibi tí wáyà ti so mọ́ bátìrì. Ìdọ̀tí yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

Mo pa gbogbo iná ọkọ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́. Wáyà tó ní àmì − ni mo kọ́kọ́ tú, kí n tó tú ti +. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é sódì o: bí sípánà bá kan irin ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń tú ti +, tí − ṣì wà níbẹ̀, iná lè ta pàrà.

Mo po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ó hó gidi! Mo nù ún gbẹ, mo dá + padà ṣáájú −, mo dè wọ́n le dáadáa, mo fi gírísì díẹ̀ pa wọ́n lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn.