Bí mo ṣe tún ìkìlọ̀ ẹ̀yà ṣe nínú ohun èlò dátábéèsì wa

Ohun èlò kékeré kan wà tí èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń wọ PostgreSQL, ètò dátábéèsì, láti orí tẹ́míná. Gbogbo ìgbà tí a bá sopọ̀ ló ń kìlọ̀ pé ẹ̀yà òun àti ti sáfà kò bára mu. Láìbrárì 13.4 la fi kọ́ ọ, sáfà sì wà ní 13.11. Ẹ̀yà 13 ni méjèèjì, irọ́ gbáà ni ìkìlọ̀ náà.

Àwọn kan ní kí n kúkú yọ ọ́ dànù. N ò gbà. Ẹni tó bá fi psql 11, ohun èlò tẹ́míná ti PostgreSQL fúnra rẹ̀, wọ sáfà 12, tó tẹ \d pẹ̀lú orúkọ tábìlì kó lè rí bí tábìlì náà ṣe rí, sáfà á dá a lóhùn pé kò sí òpó tó ń jẹ́ relhasoids, torí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú pg_class, tábìlì tí PostgreSQL ń kọ àwọn tábìlì rẹ̀ sí, ní ẹ̀yà 12. Ìkìlọ̀ ló máa jẹ́ kó tètè mọ ibi tí wàhálà ti wá. Àmọ́ tó bá ń pariwo lásán lójoojúmọ́, ta ló máa kà á lọ́jọ́ tó bá sòótọ́?

Nínú kóòdù ohun èlò wa, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ló fi ń wọn ẹ̀yà. Bó ṣe rí láyé 9.5 àti 9.6 nìyẹn. Láti PostgreSQL 10, tó jáde ní 2017, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ló kù tó ń sọ ẹ̀yà; èyí tó tẹ̀ lé e, àtúnṣe kéékèèké ni.

N ò fẹ́ máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ níbi àmì ìdánudúró, torí server_version, ọ̀rọ̀ tí sáfà fi ń sọ ẹ̀yà rẹ̀, lè mú orúkọ Debian (ètò Linux kan) dání, ó sì lè jẹ́ 16beta1. Nọ́ńbà gidi ni server_version_num: 90624 ni 9.6.24, 130011 ni 13.11. Ibi tó gba ọgbọ́n ni pípín in. Ká fi 10000 pín ti tuntun, ká fi 100 pín ti àtijọ́, a ó ní 13 àti 906, 9.6 á wá dà bí ẹni ju 13 lọ. Mo fi 100 pín gbogbo wọn, mo sọ àṣẹ́kù nù: 906 fún 9.6.24, 1300 fún 13.4, 1300 fún 13.11. Wọ́n tò bó ṣe yẹ. Bí ti sáfà bá ju tiwa lọ nìkan la ó kìlọ̀.

Ó ku ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti inú sáfà kan bọ́ sí òmíràn láì jáde, ẹ̀yà ti àkọ́kọ́ ló ṣì wà lórí ìrántí. Mo gbé kíka nọ́ńbà náà sínú iṣẹ́ ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, mo sì kọ ìdánwò tó ń lọ láti 13 sí 16 tó tún ń padà.