Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Gbígbin Ewé Ọbẹ̀ Sínú Omi Nínú Ilé

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí, ilé mẹ́rin ni wọ́n ti pè mí sí ní Àkúrẹ́, láti Ìjàpò títí dé Ọba-Ilé, pé kí n wá wo efinrin àti mint tí wọ́n gbìn sínú omi, tí ó sì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ti ná sórí pẹpẹ, gílóòbù àti pọ́ńbù nínú ilé kọ̀ọ̀kan yóò ra efinrin tí ìdílé náà yóò jẹ ju ọdún kan lọ ní Ọjà Ọba. Ó ń dùn mí, nítorí pé gbogbo ohun tí ó pa ewé wọ̀nyí ni a lè yẹra fún.

Èkíní ni ike tí ojú ń rí inú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kan omi ajílẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ yóò hù síbẹ̀, yóò sì máa bá gbòǹgbò du oúnjẹ. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ike náà, kí ẹ sì fi funfun lé e kí ó má baà máa fa ooru.

Èkejì, ẹ má ṣe ri hóró efinrin mọ́lẹ̀ jìn.

Ẹ̀kẹta ni ajílẹ̀, òun ni ó sì ń bí mi nínú jù lọ. Ìyá kan tí ń se oúnjẹ òde ra pẹpẹ alájà mẹ́rin, ewé rẹ̀ sì ń jó létí. Mo ní, "Mà, kí ni ẹ pò sínú omi yìí?" Wọ́n ní, "Ajílẹ̀ tí àgbàdo ń jẹ ni, ọmọ mi." NPK 15-15-15 ni. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kì í sábà yòrò tán nínú omi, ó lè má ní calcium àti magnesium tí ó tó, ammonium, irú nitrogen kan, tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ba gbòǹgbò jẹ́, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń yí i padà nínú ilẹ̀ kò pọ̀ nínú ike. Ẹni tí ó ra èyí tí ó tọ́ pàápàá lè bà á jẹ́ nígbà tí ó bá ń pò ó. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo da ajílẹ̀ méjì, calcium nitrate àti magnesium sulphate, pọ̀ sínú omi díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sì sùn sí ìsàlẹ̀. Calcium tí efinrin mi nílò ni ó ti di òkúta níbẹ̀. Ogójì igi ni mo pàdánù. Ẹ yọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ da àkọ́kọ́ sínú omi tí ó ti kún, kí ẹ rò ó dáadáa, kí èkejì tó wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi náà ti kan tó. Kí ó wà láàárín 5.5 sí 6.5. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbòǹgbò kì í rí irin fà mu dáadáa, ewé tuntun a sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé.

Àwọn kan tún gbójú lé pọ́ńbù ní ìlú tí iná lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀nà tí Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii gbé jáde kò nílò pọ́ńbù rárá: bí omi ti ń fà, gbòǹgbò òkè a máa mí nínú àlàfo tí ó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n àwọn kan tí ń lo ọ̀nà yìí á tún bu omi kún ike náà dé ẹnu, gbòǹgbò tí ó ti mọ́ afẹ́fẹ́ lára yóò sì rì.

Bí ẹ bá fẹ́ já ewé, ẹ má ṣe já ti ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ gé orí igi náà díẹ̀ lókè ibi tí ewé méjì ti kojú síra wọn, ẹ̀ka méjì yóò sì yọ níbẹ̀.