Láìfù jákẹ́ẹ̀tì inú bàálù yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ojú omi

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí CMS kò ṣàì mọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Fóòmù ló wà nínú ẹ̀; kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n ti ń dè é mọ́ra. Ìmọ̀ yìí gan-an ló lè kó bá èèyàn nínú bàálù. Jákẹ́ẹ̀tì bàálù, ọ̀rá pẹlẹbẹ ni, abẹ́ àga ló sábà máa ń wà, gáàsì inú sílíńdà kékeré ló sì ń mú un wú.

Bí wọ́n bá kéde pé orí omi ni bàálù máa balẹ̀ sí, ẹ ki orí bọ̀ ọ́, ẹ de okùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí kó fún. Ẹ má tíì fa nǹkan pupa iwájú ẹ̀ tó ń tú gáàsì náà sínú ẹ̀ o. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fà á, nígbà tí ẹ bá fẹ́ bọ́ síta. Bí omi bá rọ́ wọlé, jákẹ́ẹ̀tì tó ti wú yóò gbé yín lẹ̀ mọ́ òrùlé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbájáde ti wà lábẹ́ omi, ẹ ò sì ní lè mòòkùn dé ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú bàálù Ethiopian Airlines nìyẹn lóṣù kọkànlá ọdún 1996, nígbà tí epo tán lọ́wọ́ àwọn tó fipá gbà á, tó já sómi ní Comoros. Nínú èèyàn 175, 125 kú.

Irin bẹ́líìtì àga, ẹ gbé e sókè, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bíi ti mọ́tò. Ìpayà máa ń mú ọwọ́ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ má tú u kí bàálù tó dúró pátápátá, torí ó lè gbá omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ẹ sì ti ka iye àga tó wà láàárín yín àti ilẹ̀kùn kí ẹ tó gbéra ní Ìkẹjà.

Bí sílíńdà bá kọ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà ẹ̀bá èjìká. Nínú omi, ẹ ká eékún sáyà, ẹ sún mọ́ ara yín.

Ẹ̀yin apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi, irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé: hẹlikópítà já sínú ọ̀sà ní Òwòrònṣòkí lóṣù kẹjọ ọdún 2015. Ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹni tó wà nínú omi tó kàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ má baà gé e. Ẹ má ṣáná, epo lè ti tàn ká orí omi. Bí ẹnì kan bá ń fa ẹni tó wà nínú omi wọ inú ọkọ̀, kí àwọn yòókù jókòó sí òdìkejì, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn pé kó pọ omi. Bí kò bá mí, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ wá máa tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, èémí 2, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.