Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Kérésìmesì Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìyọ̀ǹda Ara Ẹni Nílẹ̀ Òkèèrè

Kẹ́ ẹ tó di ẹrù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe Kérésìmesì níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Kì í ṣe ibi gbogbo ni 25 December ti jẹ́ ọjọ́ ọdún. Ní Etiópíà, àti láàárín àwọn Kọ́pútíìkì, ìyẹn àwọn Kristẹni ìbílẹ̀ Íjíbítì, 7 January ni. Ìjọ Àpọ́sítélì ti Armenia ń ṣe tiwọn ní 6 January. Ní Rọ́ṣíà àti Serbia, 7 January ni, torí pé kàlẹ́ńdà Julian tí ṣọ́ọ̀ṣì ń lò fi ọjọ́ 13 wà lẹ́yìn èyí tí ìjọba ń lò. Ẹ má wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, irú èyí tó wà ní Rọ́ṣíà àti Serbia, rí o. Àwọn ti Gíríìsì àti Romania ń ṣe é ní 25 December, òfin Ukraine náà sì gbé ọlidé kúrò ní 7 January sí 25 December lọ́dún 2023. Ní Japan, 25 December kì í ṣe ọlidé rárá, ọ́fíìsì ṣí bí ọjọ́ yòókù, torí náà ìrọ̀lẹ́ 24 tàbí ọjọ́ Sunday tó sún mọ́ ọn ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe ìsìn tiwọn. Ní Philippines, láti 16 títí di 24 December làwọn Kátólíìkì ń lọ sí ìsìn ìdájí. Bẹ́ ẹ bá ń gbé nínú ilé wọn, ẹ múra láti jí kí aago 4 tó lù, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Tí ọjọ́ yín bá yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ lò ó dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an lẹ ti lè wúlò jù lọ. Ilé ìwòsàn, ilé àwọn arúgbó àti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kì í ti ilẹ̀kùn nítorí ọdún. Tó bá jẹ́ 7 January làwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣọdún, ẹ tọrọ àyè ní 24 àti 25 December, kẹ́ ẹ sì bá wọn di 6 àti 7 January mú kí wọ́n lè lọ sílé. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ kan náà ni gbogbo yín ń ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ò ní ẹbí nítòsí ni kẹ́ ẹ gba iṣẹ́ alẹ́ 24, kẹ́ ẹ wá kóra jọ ṣe tiyín ní 26 tàbí 27. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè o. Ó máa dun àwọn kan jọjọ tí àlejò wọn ò bá jókòó ti oúnjẹ ọdún.

Kí November tó parí, ẹ ní kí alábòójútó kọ ọ́ síwèé, orúkọ kálukú níwájú ọjọ́ àti wákàtí tiẹ̀. Àdéhùn ẹnu lásán ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ tó bá di ọjọ́ 23. Ibi tó sì ti máa ń bà jẹ́ jù ni kó ku àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni nìkan: kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ìlú, kò sẹ́ni tí òfin gbà láyè láti fún aláìsàn lóògùn, kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn sì wà lápò ẹni tó ti wọkọ̀ lọ. Ó kéré tán, ẹnì kan tó gbọ́ èdè, tó sì láṣẹ, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin wá dúró tì í.

Ní Etiópíà, ẹ tún ṣọ́ agogo. Ìgbà tílẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí, torí náà aago 7 òwúrọ̀ lójú tiyín, aago 1 ni lójú tiwọn. Bí wọ́n bá ní ìsìn àìsùn bẹ̀rẹ̀ laago 2 òru, aago 8 alẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹ wo ọjọ́ tí físà yín máa parí. Tó bá bọ́ sáàárín 20 December sí 10 January, ẹ lọ tún un ṣe nínú oṣù November, torí ọ́fíìsì lè tì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, owó ìtanràn ò sì mọ̀ pé ọdún la wà. Ẹ má fi físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ ṣọdún ní orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí. Bẹ́ ẹ bá ti sọdá ẹnubodè, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ra oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ sílẹ̀, èyí tó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì gbowó díẹ̀ sọ́wọ́ kí báńkì tó tì.

Ohun tí àlejò kì í sábà rántí ni ààwẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Etiópíà àtàwọn Kọ́pútíìkì, ààwẹ̀ tó ṣáájú ọdún lé ní ogójì ọjọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti apá ìparí November. Wọn kì í jẹ ẹran, ẹyin, wàrà tàbí bọ́tà. Àárín ààwẹ̀ yẹn gan-an ni 25 December yín bọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá gbé kéèkì oníbọ́tà dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tí gbogbo yín lè jọ jẹ rèé. Ẹ bu ife ìyẹ̀fun àlìkámà kan àtààbọ̀ sínú abọ́ (ife tó ń gba 240 mililítà), ife ṣúgà kan, ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, baking soda ṣíbí ìmutíì kan, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí ìmutíì. Ẹ rò wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wá da òróró tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ife sí i, fínígà ṣíbí ìjẹun kan, àti ife omi kan. Ẹ rò ó títí tẹ́ ò fi ní rí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kó wọ inú ààrò tó ti gbóná dé 180°C, fún ìṣẹ́jú 30 sí 35. Fínígà àti baking soda ló ń mú un wú, gbàrà tí wọ́n bá sì ti kanra ni wọ́n ti ń hó. Bẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á ti jáde, kéèkì á sì ki pọ̀, á rí pẹlẹbẹ. Ní Addis Ababa, tó fi ohun tó ju 2,300 mítà lọ ga ju ojú òkun, ẹ dín baking soda kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, kéèkì máa ń tètè wú ju bó ṣe yẹ lọ, àárín ẹ̀ á wá jìn.

Ní ti ẹ̀bùn àwọn ọmọdé, ẹ gba iye wọn lọ́wọ́ alábòójútó, kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan kún mẹ́wàá mẹ́wàá, torí ọmọ tí kò sí lórí ìwé kò ní ṣàìyọjú. Ohun kan náà ni kí gbogbo àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra gbà. Ohun tó bá ní ẹ̀yà kéékèèké ò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kó má bàa há a lọ́fun. Ẹ fi ohun tó ń lo bátìrì sílẹ̀. Bátìrì á kú, ẹni tó máa rà á pààrọ̀ ò sí. Èrò tiwa ni pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ló yẹ kí ẹ̀bùn ti jáde, kì í ṣe ọwọ́ àlejò, torí àwọn làwọn ọmọ náà á ṣì máa rí nígbà tẹ́ ẹ bá ti lọ. Ẹ má gbé fọ́tò tó fi ojú ọmọ tàbí ti aláìsàn hàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ nínú ìsìn, tó sì jẹ́ pé ẹni kan ló máa túmọ̀, ìdajì àkókò tí wọ́n fún yín lẹ ní: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fún ògbufọ̀ ní ìwé ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ẹ yọ àwàdà kúrò.

Àárò ilé kì í sábà sọni nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ̀yìn ìpè fídíò ló máa ń dé, nígbà téèyàn bá gbé fóònù sílẹ̀ tí yàrá sì pa rọ́rọ́. Torí náà, ẹ má fi ìpè sí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn. Ẹ fi í ṣáájú ìsìn tàbí ṣáájú oúnjẹ, kó jẹ́ pé àárín èèyàn lẹ máa bọ́ sí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ṣírò àkókò pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́: bí aago 8 alẹ́ bá lù ní Manila, aago 12 ọ̀sán ni ní London, aago 7 òwúrọ̀ sì ni ní New York. Èèyàn mẹ́ta mẹ́ta ni kó máa wá sórí fóònù, torí ariwo lásán lẹ máa gbọ́ tí ogún èèyàn bá wà nínú yàrá kan. Ẹ sì ti wa orin àti Bíbélì sórí fóònù sílẹ̀, kí àìsí iná tàbí dátà má bàa bá yín lábo.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí yín, kó kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ síwèé bó ṣe rí gan-an. Kíkọ “ẹ̀bùn” sórí páálí kì í fìgbà gbogbo dá owó kọ́sítọ́ọ̀mù dúró. Kó má fi power bank tàbí lọ́fínńdà sí i.

Ọ̀rọ̀ òfin ò ṣe é fojú kéré. Ní Brunei, ìjọba fòfin de ṣíṣe ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ní gbangba, àmọ́ àwọn Kristẹni lè ṣọdún láàárín ara wọn. Ní Nepal, ẹni tó bá ń yí ẹlòmíì lẹ́sìn padà lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún, wọ́n á sì lé àlejò kúrò nílùú tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n náà tán. Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ki ìwé ìhìn rere bọ inú àpò ẹ̀bùn ọmọ iléèwé, torí wọ́n lè sọ pé ẹ̀ ń fi ẹ̀bùn fa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Kristẹni ibẹ̀ bóyá ẹ lè kọrin níta, ibi tí wọ́n bá sì pa ààlà sí ni kẹ́ ẹ dúró. Kí àwọn ará ilé má kọ orúkọ ìjọ tàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ sórí páálí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Orúkọ yín àti àdírẹ́ẹ̀sì ti tó.