Ìkòkò, igbá àti ìgò epo: bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwòrán yíyà l'Ábẹ́òkúta

Kí n tó wọ kíláàsì, ohun tí màá gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ láti yà ni mo rò jù. Ìwé àwòrán tí wọ́n ń tà káàkiri kún fún àpù, gíréèpù àti òdòdó inú ife dígí. Mi ò lo ìkankan nínú wọn. Mo gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan láti ilé ìyá mi, mo mú igbá kan, mo bu epo pupa sínú ìgò, mo sì ra tàtàṣé àti àlùbọ́sà ní ọjà Láfẹ́ńwá. Àlùbọ́sà tí èèpo rẹ̀ ti ń ṣí ni mo ṣà, nítorí èèpo tó ń ṣí máa ń fún ọmọ ní nǹkan láti tẹjú mọ́. Ìdí ìkòkò wa kì í tẹ́jú, torí náà mo ká ògbólógbòó àdìrẹ kan, mo fi ṣe òṣùká fún un.

Ilé-ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìtòkú ni, kíláàsì kẹrin ni wọ́n sì fún mi. Mo bẹ tíṣà wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká so pírẹ́ọ̀dù méjì pọ̀, torí kí ojú ọmọ tó balẹ̀ lára nǹkan, pírẹ́ọ̀dù kan á ti tán. Wọ́n gbà, wọ́n tún bá mi fa tábìlì sí àárín kíláàsì. A to àga àwọn ọmọ yí i ká. A ti gbogbo fèrèsé apá kan pa, a ṣí ti apá kejì sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, òjìji á pọ̀ lórí tábìlì débi pé ọmọ ò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé.

Pépà funfun àti pẹ́ńsù ni gbogbo ohun èlò wa. Pẹ́ńsù HB tí àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé le díẹ̀, kì í dúdú dáadáa tí a bá fẹ́ kun òjìji, ìdí nìyẹn tí mo fi ra 2B, tó rọ̀ tó sì dúdú jù ú lọ, kún un. Mo gba ìrésà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọmọ tó bá ní ìrésà á máa fa ìlà, á máa pa á rẹ́, títí pépà á fi ya. Èyí tí kò ní in á rọra fà á, bí kò bá sì tíì jọ, á fa òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń fi ibi tí èkejì yóò gbà hàn án.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tíì mú pẹ́ńsù. "Ẹ wò ó ná. Kí lẹ rí láti ibi tí ẹ jókòó sí?" Ariwo sọ. Àwọn kan ní ìgò ló wà níwájú ìkòkò, àwọn tó wà lódìkejì ní irọ́ ni, ìkòkò ló wà níwájú ìgò. Ọmọkùnrin kan bá dìde, ó ní, "Àǹtí, èmi ò rí àlùbọ́sà rárá o."

Mo ní, "Má yà á nígbà yẹn."

Ó wò mí, ó wo tíṣà rẹ̀. "Ṣé wọn ò ní gé máàkì mi?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń lọ sílé-ìwé ni wọ́n ti ń kọ ìdáhùn kan ṣoṣo sójú pátákó, tí gbogbo kíláàsì ń dà á kọ. Ẹni tó bá kọ nǹkan mìíràn, ó ti kùnà nìyẹn. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìṣirò ò ṣeé kọ́ lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí ọmọ ní iṣẹ́ kan nílé-ìwé tó jẹ́ pé ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ni ìdáhùn ti ń wá. Nínú irú àwòrán yìí, ẹni tó bá jí ti ẹnikejì wò á ṣì í, torí ohun tí ojú ẹnikejì rí kọ́ ni ojú tirẹ̀ ń rí. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó ti ń na ọrùn sí pépà ẹlòmíràn fi kọjú sí tábìlì.

Ẹnu ìkòkò ló gbà wá lákòókò jù. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé ó rí roboto, ọwọ́ wọn sì ti ń ṣiṣẹ́ kí ojú tó wò ó: wọ́n ya òbìrìkìtì kan tó pé pérépéré sókè ìkòkò, wọ́n wá fi ìlà gbọọrọ kan gé ìdí ìgò. Mo gbé igbá sókè ní ọgbọọgba ojú wọn, mo ní kí wọ́n di ojú kan. Ìlà kan péré ni wọ́n rí, ẹnu igbá ti parẹ́. Mo wá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó ń lanu! Ó ń lanu!" Bí igbá ti ń lọ sílẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀, títí mo fi gbé e sórí ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, mo sì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni a yí sí ìgò. Ìdí rẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ ojú ju ẹnu rẹ̀ lọ, torí náà ó ní láti tẹ̀ ju ti ẹnu lọ. Kò sí ìlà gbọọrọ níbẹ̀ rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Àìná Ọnàbólú fún wọn, ayàwòrán, ọmọ ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Nígbà tí kò tíì sí àwòrán yíyà nínú ètò ẹ̀kọ́ wa, òun ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí nǹkan ṣe ń kéré sí i tó bá jìnnà sójú. Perspective ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà wálé, ó sì ń rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ àwòrán kan, Kenneth Murray, wá láti ìlú òyìnbó ní 1927.

Mo fi bí wọ́n ṣe ń fi pẹ́ńsù wọn nǹkan hàn wọ́n: kí wọ́n na ọwọ́ gbọọrọ, kí wọ́n di ojú kan, kí wọ́n fi àtàǹpàkò sàmì sí gíga ìkòkò, kí wọ́n wá fi wo gíga ìgò. Èyí yé wọn kíákíá.

Òjìji le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fi agbára tẹ pẹ́ńsù mọ́ pépà títí ó fi ń dán. Mo bi ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláró léèrè bí wọ́n ṣe ń mú kí aṣọ dúdú. Ó ní, "Wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á yọ ọ́ sí afẹ́fẹ́, wọ́n á tún rì í." Mo ní bí ẹ ṣe máa kun òjìji nìyẹn: ẹ rọra kùn ún, ẹ tún gba orí rẹ̀ kọjá, títí yóò fi tó bí ẹ ṣe rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi han àwọn tó jókòó tì í. Mo ní kí wọ́n dijú díẹ̀ wo ìkòkò, kí wọ́n lè rí ibi mẹ́ta: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ibi tó wà láàárín, àti ibi tó dúdú. Ibi tó dúdú jù wà lábẹ́ ìkòkò, níbi tó ti kan òṣùká.

Nígbà tí wọ́n parí, a tẹ́ pépà wọn sílẹ̀ yí tábìlì ká, ti oníkálukú níwájú àga rẹ̀. Bí èèyàn bá ń rìn yí i ká, á máa rí i bí ìgò ṣe ń ti ọ̀tún ìkòkò bọ́ sí iwájú rẹ̀, tí àlùbọ́sà ń yọjú, tí ó tún ń wọlẹ̀. Mo wá kó wọn pọ̀, mo pò wọ́n, mo ní kí wọ́n sọ àga tí wọ́n ti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí ìyókù.

Tíṣà wọn bi mí bí wọ́n ṣe máa fún wọn ní máàkì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sórí àga ọmọ náà." Àgbà tó wà ní ìdúró ń rí inú ìkòkò lọ́hùn-ún, ọmọ tó jókòó, ẹnu tóóró ló ń rí. Bí a bá wà ní ìdúró fún un ní máàkì, a ó ní ó ya ẹnu ìkòkò há jù, bẹ́ẹ̀ ohun tó rí gan-an ló yà. Wọ́n mú báírò pupa àti ìwé máàkì wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí àga kan bọ́ sí òmíràn.